Ọkọ̀ Píjò Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀ ní Kinkinau

Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ àtijọ́ kan wà nínú àgbàlá níbi tí ẹ gbé ń ka ìwé yìí. Ó lè jẹ́ Píjò, ó lè jẹ́ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Táyà rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń wọ inú rẹ̀ lọ ṣe eré awakọ̀. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ rà á lè ti padà sí ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Nígbàkígbà tí àwọn tí ń ra irin àlòkù bá ń kiri kọjá, ẹnìkan nínú ilé a máa wí pé kí wọ́n kúkú gbé e lọ kí àgbàlá lè fẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ọ̀kan wà ní ilé tiwa náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ ìyá kan.

Ní Kinkinau ni ilé wa wà, ní ìlú Kàdúná. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀ffà tí iṣẹ́ gbé dé Òkè Ọya. Ní ọdún 1986 ni ó ra Píjò 504 kan, aláwọ̀ eérú, lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kan tí ó ń fẹ̀yìn tì. Ọdún 1982 ni wọ́n to ọkọ̀ náà, ní Kàdúná yìí kan náà. Ìhà gúúsù odò ni a ń gbé nígbà náà. Nígbà tí rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 2000 ṣẹlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹbí, Mùsùlùmí àti Kristẹni, fi ilé wọn sílẹ̀ lọ sí ibi tí ọkàn wọn gbé balẹ̀, ọkọ̀ yìí ni bàbá wa fi kó wa wá sí Kinkinau: ìyá wa, àwa ọmọ márùn-ún, ẹní mẹ́ta, àpótí ìwé kéwú rẹ̀, àti ọmọ aládùúgbò méjì tí òbí wọn kò tíì dé láti ọjà. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ohun tí mo rántí jù lọ ni òórùn epo àti ohùn bàbá wa tí ó ń ka àdúà ìgun-ọkọ̀. Bí ó bá ti kà á tán, a tún bẹ̀rẹ̀.

Kí á mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni ilé iṣẹ́ Peugeot wà, kìnnìún ni àmì rẹ̀. Ní ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 1969, àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù fi oyè ọkọ̀ tí ó ta yọ jù lọ fún ọdún náà dá a lọ́lá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1972 ni a dá Peugeot Automobile Nigeria sílẹ̀, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí PAN, lẹ́yìn àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá àwọn Faransé ṣe. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni ó ṣí ilé iṣẹ́ náà ní Kakuri, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1975. Ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó.

Láti ìgbà náà ni 504 ti di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ọkọ̀ adájọ́, ọkọ̀ olùkọ́ yunifásítì, àti ní pàtàkì, ọkọ̀ èrò. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí 504 gígùn tí ń ná Ìbàdàn sí Ìlọrin, tí ń ná Ìlọrin sí Kàdúná: ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin, mẹ́ta lẹ́yìn pátápátá tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ẹrù ìyá arúgbó lórí ọkọ̀, àti ewúrẹ́ kan tí kò sí ẹni tí ó gbà pé òun ni ó ni ín. Ọkọ̀ náà ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì ń gba kòtò mọ́ra. Kì í ṣe ọ̀nà tiwa nìkan ni ó dán an wò. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní ọdún 1975, ó sì tún gbà á ní ọdún 1978.

Ọdún tí bàbá wa ra tirẹ̀ gan-an ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP dé. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, iye owó ẹ̀yà ọkọ̀ tí ń ti òkè òkun wá sì ń gòkè. Tòkúnbọ̀ wọlé, ó gba ọjà. Àwọn Faransé ti dáwọ́ títo 504 kékeré dúró ní ilẹ̀ wọn ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní Kàdúná, ó tó nǹkan bí ọdún 2005 kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ìjọba ta ilé iṣẹ́ náà fún aládàáni ní ọdún 2006. Nígbà tí ó di ọdún 2012, AMCON gbà á nítorí gbèsè. Ní ọdún 2022 ni Dangote Peugeot Automobiles Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò tuntun ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ ni mo jókòó tì.

Bàbá wa jáde láyé ní ọdún 2023, kí Ọlọ́hun ṣàánú rẹ̀. A ṣe ìnáwó ìsìnkú rẹ̀, a san gbèsè díẹ̀ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì fi wàsíyà kankan sílẹ̀. Ilé kò ṣòro láti sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ìyá wa ń gbé inú rẹ̀, gbogbo wa sì fẹ́ kí ó máa gbé e. Ọkọ̀ ni ó di ìṣòro. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tí ń ra irin wọlé, ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ó sì dá ₦280,000 lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó wà ní Àbújá ní kí á gbà á kí á pín in kíákíá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó wà ní Ìlọrin ní òun kò ní gbọ́ ọ sétí pé wọ́n fi òòlù fọ́ ọkọ̀ tí ó kó òun jáde nínú iná. Àbúrò mi méjèèjì dákẹ́. Èmi wí pé, níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá wa, tí mò ń fọ ọkọ̀ náà tí mo sì ń tàn án ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni ó tọ́ sí, kí á má sì sọ ọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni mí. Ẹ̀kọ́ ogún wà lára ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ti fi ìwọ̀n ìdá mẹ́jọ àti ìdá mẹ́fà kọ pátákó ìkọ̀wé kún. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn, n kò rántí ìdá kankan.

Mẹkáníìkì àgbà kan, ọmọ Zaria, tí ó ti ń tún Píjò ṣe láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n, ni ó sọ fún mi pé àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ń bọ̀ wá pàdé ní Kinkinau ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù kẹrin. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó ní orúkọ tàbí alága. Wọ́n kàn ń pe ara wọn lórí fóònù ni, ẹni tí àyè bá sì gbà á a gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ohun tí ó sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè kò ju nọ́ńbà ọkọ̀ wọn lọ: a rí Kánò, a rí Jos, Àbújá, Ìlọrin, àní ẹnìkan wa 404 láti Ìbàdàn, ó sì fi ọjọ́ méjì rìn ín. Pẹ̀lú tiwa, ọkọ̀ mẹ́tàlá ni ó pé jọ. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ 504, méjì jẹ́ 505, 404 kan, Ìjàpá kan, àti Mercedes kan tí ẹni tí ó ni ín kò jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ kàn.

Ẹni tí kò bá tíì gbé Òkè Ọya rí kò lè mọ ohun tí oṣù kẹrin ń jẹ́ ní Kàdúná. Òjò kò tíì rọ̀ dáadáa, ọyẹ́ ti lọ tipẹ́, oòrùn sì dúró lórí ènìyàn bí olówó èlé. Ooru a máa kọjá ìwọ̀n 35 lọ́sàn-án. Kí aago mẹ́wàá tó lù, irin ọkọ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. Igi dógóyárò mélòó kan àti máńgòrò méjì ni ó wà níbi tí a pàdé, ẹ sì wá wo àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ń bára wọn du òjìji. Kì í ṣe fún orí tiwọn o, fún ọkọ̀ ni. Alhaji kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ igi, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú oòrùn, ó fi aṣọ ìnura bo orí, ó ń mu kúnú. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí àyè kan ṣí sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, èmi náà sáré gbé tiwa wọ ibẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe láti àárọ̀ dé ọ̀sán rọrùn láti ṣàpèjúwe. Wọ́n ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ara wọn. Wọ́n ń bi ara wọn níbi tí wọ́n ti rí ẹ̀yà yìí àti ẹ̀yà yẹn. Ẹnìkan ní gíláàsì iná iwájú méjì tí kò lò, ẹnìkejì ń wá ọ̀kan láti ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù omi kan lójú wa. Owó kò yọjú rárá. Mo rí ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ tí ó ń ka orúkọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì fún bàbá rẹ̀ bí ẹni ń ka hísíbù.

Ní agogo mọ́kànlá a tò tẹ̀lé ara wa, a gba Tudun Wada kọjá, a rékọjá odò Kàdúná, ó di Kakuri. Àwọn ènìyàn ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wò wá. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Nígbà tí a dé itòsí ilé iṣẹ́ tí a ti bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, a dúró. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ní ibi tí wọ́n ti ń kun ọ̀dà, wà láàrin wa. Ó ní kí n ṣí bùútù. Ó ká ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ba, ó sì rí ọ̀dà eérú ti àkọ́kọ́ tí oòrùn kò tíì bà jẹ́ láti ọdún 1982. Ó fi ìka gbá eruku orí rẹ̀ kúrò. Kò sọ ohunkóhun fún ìgbà pípẹ́, èmi náà kò sì bi í léèrè.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni ooru wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lórí afárá. Mo rí i tí ọwọ́ aago tí ń sọ bí omi rédíétọ̀ ṣe gbóná ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọ ibi pupa. Mo pa ẹ́ńjìnnì, a sì tì í dé ẹ̀bá ọ̀nà. Mo fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀, mẹkáníìkì ọmọ Zaria yìí fi ọwọ́ gbá ọwọ́ mi kúrò, ó ní, ‘Màlámù, ṣé o fẹ́ fi ojú rẹ sílẹ̀ síbí ni?’ Ó tọ̀nà. Omi tí ń hó nínú rédíétọ̀ kò ní ibi tí yóò gbà jáde, bí ènìyàn bá sì tú ìdérí rẹ̀ lójijì, ojú àti àyà ni yóò tú sí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín tí ń wakọ̀ ní èyí kí ẹ tó kọ́ wọn ní gíá. Ẹ dúró kí ó tutù, kódà bí ó gba wákàtí kan.

Àṣìṣe náà wà lọ́dọ̀ fáànù. Fáànù 504 kì í yí ní gbogbo ìgbà bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Ó ní òòfà oníná kan tí ń dì í mú nígbà tí omi bá gbóná, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí omi bá tutù, kí ẹ́ńjìnnì má baà fi agbára ṣòfò. Kábọ́ọ̀nù kékeré kan ni ó ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ òòfà náà. Bí kábọ́ọ̀nù yìí bá jẹ tán, fáànù kò ní dì mú mọ́, ẹni tí ń sáré lójú ọ̀nà gbalasa kò sì ní fura, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Ó di inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí ó tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa kì í wá kábọ́ọ̀nù kiri. Wọ́n a fi bóòtù dè é pa kí ó máa yí títí ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tiwa ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, kí á lè dé ilé.

Nígbà tí omi tutù tán, ọkọ̀ kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Èyí náà ní ìdí tirẹ̀. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, epo a máa hó nínú páìpù kí ó tó dé kábúrétọ̀, ó sì di afẹ́fẹ́ tí pọ́ọ̀ǹpù kò lè fà. Wọ́n rẹ àkísà sínú omi, wọ́n dì í mọ́ pọ́ọ̀ǹpù epo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkọ̀ tàn. Mo ti kàwé dé yunifásítì, àkísà tútù ni ó sì gbé mi délé.

Ìrun Àyìlá ti wọlé nígbà náà. Ẹnìkan ní kí á tètè kí i níbẹ̀ lórí òkúta gbígbóná, ṣùgbọ́n àgbà kan láàrin wa rán wa létí pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi àyè sílẹ̀ pé kí á sún Àyìlá síwájú díẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀ gidigidi, títí tí ìgbóná ọjọ́ yóò fi rọlẹ̀. A padà sí Kinkinau, a ṣe àlùwàlá, a sì kí i lábẹ́ dógóyárò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ni ọkùnrin tí ó wá láti Ìlọrin sún mọ́ mi. Ó ti ń wo ọkọ̀ wa láti àárọ̀. Ó ní, ‘Àbúrò, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni ẹ ni ín?’ Mo ní bàbá mi ni ó ni ín. Ó bi mí bóyá bàbá wà láyé, mo ní rárá. Ó ṣàdúà fún un kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ òwò, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun yóò san ₦1,600,000.

Mo ní láti jókòó. Ẹni tí ń ra irin ti dá ₦280,000 lé ohun kan náà ní oṣù tí ó ṣáájú. Bí a bá gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, a ì bá ti fi ₦1,320,000 ta omi sílẹ̀, owó opó àti owó ọmọ òrukàn wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì gbọ́ tèmi, èmi nìkan ni ì bá gbé gbogbo rẹ̀ jẹ lábẹ́ orúkọ ìfẹ́ bàbá.

Kí ló dé tí iye náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi, mo sì ti kà nípa rẹ̀ sí i láti ìgbà náà. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ọkọ̀ tí ó dàgbà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àjọ kan wà tí ń jẹ́ FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, tí ó kó àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní àgbáyé pọ̀. Lójú wọn, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún, kí ó wà ní ìrísí tí ó bá ìtàn rẹ̀ mu, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ni ín ń gùn lójoojúmọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1905 ni wọ́n ń wà láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Brighton, nínú òtútù àti òjò. Àwọn yẹn kò mọ ohun tí kábọ́ọ̀nù fáànù ń jẹ́.

Mo ronú lórí òfin FIVA yìí gan-an. Bí a bá tẹ̀lé e, 504 tí ó ṣì ń gbé èrò kò lè wọ inú ọlá náà, bí ó ti wù kí ó dàgbà tó, nítorí pé kò tíì sinmi. N kò lè sọ pé wọ́n ṣì wí, ilẹ̀ wọn ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, àti ní Kúbà níbi tí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ìgbà 1950 ṣì ń ṣe takisí, iṣẹ́ ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ wà láàyè. Ọkọ̀ tí a kò gùn ni adìyẹ ń yé sí. Lójú tèmi, ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lè sọ pé àwọn ti lọ wò ni Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, tí ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, ní Èkó. Ikú ni ó jẹ́ kí á tọ́jú ìyẹn. Èyí tí ó gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, tí ó gbé aboyún lọ sí ọsibítù, tí ó gbé ọmọ lọ sí ilé kéwú, irin ni a ń pè é.

Mo pe ìyá wa àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sọ iye tí ọkùnrin ará Ìlọrin dá. N óò ṣe ìṣirò rẹ̀ síwájú yín, nítorí pé ó lè bá ilé yín mu. Súrà An-Nisá, ẹsẹ kọkànlá àti èkejìlá, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn òbí bàbá wa ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyí jẹ́ ₦200,000. Ó ku ₦1,400,000. Ọmọkùnrin kan gba ìpín obìnrin méjì, nítorí náà a pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́jọ: ₦175,000 fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan, ₦350,000 fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ mú ọkọ̀ náà, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí ọjà sọ ni yóò fi mú un, yóò sì san ìpín àwọn yòókù fún wọn. Fún èmi, ìyẹn jẹ́ ₦1,250,000. Ẹ mọ owó oṣù olùkọ́.

Mo ní láti sọ ohun kan níbí, bí ó tilẹ̀ lè bí ẹlòmíràn nínú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí bàbá bá ti kú, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ a bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí ọkùnrin kí omi orí sàréè tó gbẹ. Kò sí ẹni tí ń dá iye lé e. Wọ́n a ní obìnrin kò nílò Píjò, ṣebí ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni ìrun kò gbọdọ̀ yẹ̀, ọ̀dọ̀ wa náà ni ìdá kan nínú mẹ́jọ opó ti ń di ìgbàgbé. Ìyá wa fúnra rẹ̀, nígbà tí mo sọ pé ₦200,000 ni tirẹ̀, kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni òun fẹ́ fi irin ṣe. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbà á sọ́wọ́ ná. Lẹ́yìn tí ó gbà á, ó ní òun fi ta àwọn ọmọ òun lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ó mú ₦20,000 nínú rẹ̀, ó ní òun yóò fi ra ìró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, ‘Ìyá, ṣé ẹ rí i pé ẹ fẹ́ nǹkan!’ Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lórí fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bàbá ti kú.

Ọkùnrin ará Ìlọrin kò rí ọkọ̀ náà rà. Ó bínú díẹ̀, ó sì ní kí n pè é bí àgbà bá mú mi. A kọ àdéhùn sórí ìwé: iye ọkọ̀, ìpín olúkúlùkù, àti pé n óò san án láàrin ọdún méjì, èyí tí gbogbo wọn fara mọ́ tinútinú. Àfáà mọ̀ṣálásí àdúgbò wa àti aládùúgbò kan jẹ́rìí sí i. Mo ní kí á san ti àwọn obìnrin ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ fajúro, lẹ́yìn náà ó ní kò burú. Ìwé ọkọ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá wa títí di ìgbà tí a ṣe àdéhùn yìí, ẹ má sì ṣe fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ falẹ̀, nítorí pé bí ọlọ́pàá bá dá ènìyàn dúró pẹ̀lú orúkọ òkú lórí ìwé, àlàyé rẹ̀ a máa gùn.

Mo ti san ti àbúrò mi obìnrin tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Ìlọrin láti gba ìyókù tirẹ̀ lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé kò sí bí mo ṣe lè fi ránṣẹ́ ní báńkì. Ó ka owó náà, ó fi sínú àpò, ó sì jókòó sí iwájú ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, níbi tí ìyá wa jókòó sí ní ọdún 2000. Ó ní kí n tàn án. Mo tàn án. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà díẹ̀, ó wo mí, ó sì bi mí pé ìgbà wo ni n óò tó wá kábọ́ọ̀nù tòótọ́ sí fáànù yẹn.